Kí ẹ tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí ẹ tó sanwó fún kóòṣì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ọmọ ọdún 39 ni mí, mo ní ọkọ àti ọmọ mẹ́ta, ìbejì sì ni àwọn méjì tó kẹ́yìn. Ìkòròdù ni a ń gbé, ṣùgbọ́n Marina ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ẹ̀ka ìṣirò owó. Aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ìdájí ni mo ń jáde nílé, aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún alẹ́ ni mo ń wọlé, ọ̀gá mi yóò sì tún máa fi iṣẹ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Mi ò mọ ohun tí mò ń lé kiri láyé mọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n lọ bá kóòṣì kan, ìyẹn ẹni tó ń tọ́ni sọ́nà nípa iṣẹ́ àti ìgbé ayé, tó ń gba ₦350,000 fún oṣù mẹ́ta. Ṣé kí n san owó yìí ni, àbí kí n kúkú fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí n máa tajà nílé? Ìyá Ìbejì, Ìkòròdù.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrọ́jú. Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì dúpẹ́ pé nígbà tí mo tún béèrè àwọn nǹkan kan lọ́wọ́ yín, ẹ fèsì láìfi ohunkóhun pamọ́. Ìdáhùn kúkúrú tí mo ní ni pé kí ẹ má tíì san owó náà, kí ẹ má sì tíì kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. N kò sọ pé kí ẹ máa fara dà á bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ohun tó ń ṣe yín kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe àìmoore bí àwọn kan ṣe ń sọ fún yín. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, agbè tó ń jò kò sì ní ṣíwọ́ jíjò nítorí pé a gbé e lọ sí odò mìíràn.

Ohun tí ojú mi rí ni mo ń sọ. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣiṣẹ́ báńkì kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìtọ́nisọ́nà yìí, ìbínú ni mo sì fi kúrò níbẹ̀, nítorí mo gbà pé báńkì ló ń jẹ gbogbo àkókò mi. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, inú pálọ̀ mi ni mo ti ń ṣiṣẹ́, aago kan òru ni mo sì ń pa kọ̀ǹpútà, torí pé kò sí ẹni tí yóò sọ fún mi pé ilẹ̀ ti ṣú, kò sì sí owó oṣù tí yóò fi mí lọ́kàn balẹ̀ bí mo bá fẹ́ sinmi. Ìyàwó mi ló sọ fún mi lálẹ́ ọjọ́ kan pé ọ̀gá tí mo sá fún, mo ti gbé e wá sílé. Ọjà títà nílé tí ẹ ń rò yìí kò ní aago ìparí: oníbàárà kan yóò kan ilẹ̀kùn ní aago mẹ́fà àárọ̀ nítorí máàgí ẹyọ kan, òmíràn yóò pè ní aago mẹ́wàá alẹ́ pé àlejò dé bá òun, ẹ kò sì ní lè sọ fún èyíkéyìí nínú wọn pé ẹ ti palẹ̀ mọ́.

Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń ṣe pẹ̀lú ẹni tó bá wá bá mi ni pé a ó jọ ka wákàtí rẹ̀ bí a ṣe ń ka owó. Iṣẹ́ yín gan-an nìyí, ẹ̀yin tí ẹ ń fi ojoojúmọ́ wá ìdí tí owó inú ìwé kò fi bá owó inú báńkì mu. Wákàtí 168 ló wà nínú ọ̀sẹ̀ kan, fún awakọ̀ àti fún gómìnà. Láti ìgbà tí ẹ bá jáde nílé títí di ìgbà tí ẹ bá wọlé jẹ́ wákàtí 16. Ní ọ̀nà márùn-ún, ó di 80. Oorun yín, láti aago mọ́kànlá alẹ́ sí aago mẹ́rin ìdájí, jẹ́ wákàtí márùn-ún. Ní ọ̀nà méje, ó di 35. Ó wá ku 53. Nínú 80 yẹn ẹ̀wẹ̀, ẹ ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ẹ ń dé ọ́fíìsì, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni ẹ sì ń kúrò níbẹ̀, nítorí náà ọ́fíìsì gba wákàtí 53 àti ìṣẹ́jú 45, ojú títì sì gba wákàtí 26 àti ìṣẹ́jú 15. Ẹ tún wo iye kejì yẹn dáadáa. Ó ju odindi ọjọ́ kan lọ tí ẹ fi ń jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láàrin Ìkòròdù, Kétu àti afárá Third Mainland lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kò sì sí kóòṣì tó lè fi ọ̀rọ̀ ìwúrí gba ọjọ́ yẹn padà fún yín.

Wákàtí 53 tó ṣẹ́kù ló yà mí lẹ́nu jù. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré nínú rẹ̀ ló wà láàrin ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì, àwọn wákàtí tí ẹ fi ń wẹ̀, tí ẹ fi ń dáná, tí ẹ fi ń wá ìbọ̀sẹ̀ ọmọ. 38 yòókù wà ní ọjọ́ Àbámẹ́ta àti ọjọ́ Àìkú. Mo bi yín ní ohun tí ẹ fi wọ́n ṣe lóṣù tó kọjá. Ẹ ní nínú ọjọ́ Àbámẹ́ta mẹ́rin, òde ni ẹ wà ní mẹ́ta: ìgbéyàwó kan, ìsìnkú ìyá alájọgbé yín kan, àti ìkómọ kan, ẹ sì ra aṣọ ẹbí fún méjì nínú wọn. Ọjọ́ Àbámẹ́ta kẹrin, ọ́fíìsì ni ẹ wà títí di aago méjì. Ní ọjọ́ Àìkú, láti aago méje àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán, ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn rẹ̀, ìpàdé ẹgbẹ́. Lẹ́yìn ìpàdé ni ẹ wá fọ aṣọ ilé-ìwé tí ẹ sì se ọbẹ̀ tí ẹ ó jẹ títí di Ọjọ́rú. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀, ẹ kò dárúkọ wákàtí kan tí ẹ jókòó lásán. Àwọn àgbà ní ilé ni àbọ̀ sinmi oko, ṣùgbọ́n ilé tiyín ti di oko kejì.

N kò ní kí ẹ má lọ sí òde mọ́, nítorí mo mọ̀ pé ẹni tí kò bá àwọn ènìyàn ṣe tiwọn, kò ní rí ẹni bá a ṣe tirẹ̀. Àmọ́ ẹ kọ lẹ́tà sí mi bí ẹni pé ọ̀gá yín nìkan ló ń jẹ ọ̀sẹ̀ yín, ìṣirò yín fúnra yín kò sì sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ mú òde kan lóṣù, èyí tó bá kàn yín jù, kí ẹ fi owó ránṣẹ́ sí àwọn yòókù, kí ẹ sì pe wọn lórí fóònù láti bá wọn yọ̀. (Mo mọ̀ pé àwọn alága ìdúró àti oníṣòwò léèsì yóò bínú sí mi nítorí gbólóhùn yìí. Kí wọ́n ṣe sùúrù fún mi.)

Ẹ jẹ́ ká padà sórí iṣẹ́ náà. Ẹ ní WhatsApp alẹ́ ń gbà tó ogójì ìṣẹ́jú lójoojúmọ́ iṣẹ́. Bí ẹ bá fi kún wákàtí ọ́fíìsì, iṣẹ́ yín ti lé ní wákàtí 57 lọ́sẹ̀. Ní ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé jọ gbé ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé, bí a bá fi ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 lọ́sẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ wé ẹni tó ń ṣe 35 sí 40, ewu àrùn rọpárọsẹ̀ fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i fún un, ewu kí àrùn ọkàn pa á sì fi ìdá 17 pọ̀ sí i. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé bíi 745,000 ènìyàn ló bá irú rẹ̀ lọ ní ọdún 2016 nìkan. Mo mẹ́nu kàn án nítorí ẹ kọ ọ́ pé àyà yín máa ń já bí fóònù bá dún lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án, ẹ sì jẹ́wọ́ pé láti ìgbà tí ẹ ti bí ìbejì, ọdún méje sẹ́yìn, ẹ kò tíì yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò. Kí ẹ lọ sí ọsibítù lọ́sẹ̀ yìí. Kò sí ohun kan nínú gbogbo ohun tí mo ń kọ yìí tó gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé kan náà ṣàlàyé ní ọdún 2019 bí iṣẹ́ ṣe lè gbẹ ènìyàn tán láti inú, àmì mẹ́ta ló sì tọ́ka sí: kí agbára ènìyàn tán pátápátá, kí ọkàn rẹ̀ kúrò lára iṣẹ́ náà tàbí kó máa kórìíra rẹ̀, kó sì máa rí i pé òun kò ṣe iṣẹ́ náà dáadáa bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Wọn kò pè é ní àrùn, ọ̀ràn ibi iṣẹ́ ni wọ́n pè é, ó sì dára kí ẹ fi ìyàtọ̀ yẹn sọ́kàn, nítorí ọ̀ràn tó bá ti inú ètò iṣẹ́ wá, inú ètò iṣẹ́ ni a ti ń tún un ṣe. Ṣùgbọ́n bí ìbànújẹ́ yìí bá tẹ̀lé yín wọ inú ìsinmi, tí oúnjẹ kò wọlé, tí oorun kò wá, tí ẹ sì ń rò ó pé ó sàn kí ẹ má sí láyé, dókítà ni kí ẹ lọ bá, kì í ṣe kóòṣì, kì í sì í ṣe èmi; ẹ má sì jẹ́ kí orúkọ Yábàá tàbí Arò dẹ́rù bà yín, ilé ìwòsàn ni wọ́n.

Ní ti ọ̀gá yín, ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí òfin fi yín sí. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1974 sọ pé òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ìsinmi wákàtí 24 gbáko nínú ọjọ́ méje, pé ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lóòjọ́ gbọ́dọ̀ rí wákàtí kan lápapọ̀ fi sinmi láàrin rẹ̀, àti pé lẹ́yìn oṣù 12, ó kéré tán, ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà tọ́ sí i fún ìsinmi ọlọ́dọọdún pẹ̀lú owó rẹ̀ pípé. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ agbára àti iṣẹ́ akọ̀wé ni òfin náà ń sọ̀rọ̀ nípa wọn. Kò ka àwọn alákòóso àti àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ mọ́ wọn, nítorí náà bí wọ́n bá ti kọ "máníjà" mọ́ orúkọ yín, inú ìwé ìgbanisíṣẹ́ yín ni kí ẹ wò. Ẹ ní ẹ kò kà á láti ọjọ́ tí ẹ ti fọwọ́ sí i. Ẹ lọ yọ ọ́ jáde nínú àpò tó wà.

Bí ẹ bá ti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ má ṣe gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ọ̀gá bí ẹ̀sùn. Mo bi yín pé nínú iṣẹ́ mẹ́wàá tó fi ránṣẹ́ kẹ́yìn lóru, mélòó ni kò lè dúró di òwúrọ̀. Ẹ ní ẹyọ kan. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ọkùnrin náà kàn ń tẹ ohun tó bá rántí sórí fóònù kó má baà gbàgbé ni, ẹ̀yin ni ẹ sọ ọ́ di àṣẹ. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ bí irú èyí sí i, ní ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́: "Ẹ káàsán, sà. Mo fẹ́ kí ìròyìn owó máa tètè tẹ̀ yín lọ́wọ́. Ohunkóhun tí ẹ bá fi ránṣẹ́ kó tó di aago márùn-ún, yóò wà lórí tábìlì yín ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́, mo máa ń gbé fóònù sílẹ̀ fún àwọn ọmọ. Bí ọ̀rọ̀ pàjáwìrì bá wà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ pè mí, n ó gbé e." Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló ń ṣe iṣẹ́ náà, nítorí ọ̀pọ̀ ọ̀gá tí kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó tẹ̀wé ránṣẹ́ máa ń rò ó kó tó pe ìyá ọmọ lóru. Ní ilẹ̀ Faransé, láti oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2017 ni òfin ti ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ wọn tó àádọ́ta bá àwọn òṣìṣẹ́ jíròrò ẹ̀tọ́ tí wọ́n ní láti pa ẹ̀rọ tì lẹ́yìn iṣẹ́. Tiyín, ẹnu ni ẹ ó fi gbà á.

Nígbà tí ìyẹn bá ti fìdí múlẹ̀ fún oṣù kan, ẹ wá bẹ̀bẹ̀ fún ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ láti máa ṣiṣẹ́ nílé. Ìṣirò owó kò nílò kí ẹ wà ní Marina lójoojúmọ́, ọjọ́ kan yẹn nìkan yóò sì dá wákàtí márùn-ún àti ìṣẹ́jú 15 padà fún yín. Ohun tuntun kọ́: nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí owó ọkọ̀ sì fò sókè, ìjọba ìpínlẹ̀ Kwara dín ọjọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń lọ síbi iṣẹ́ kù láti márùn-ún sí mẹ́ta. Ẹ tún dán ọkọ̀ ojú omi láti Ẹ̀bútẹ́ wò lọ́jọ́ tí òjò kò bá sí, kí ẹ sì kọ iye ìṣẹ́jú tó gbà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti bọ́ọ̀sì BRT.

Ọ̀rọ̀ ilé wá kàn. Ẹ sọ ọ́ bí ẹni tó ń kọjá lọ pé aago márùn-ún ni ọkọ yín ń wọlé, ẹ sì tún sọ níbòmíràn pé bí ẹ bá dé ní aago mẹ́sàn-án ni ẹ ń dáná alẹ́. Mo ní láti ka gbólóhùn méjèèjì papọ̀ kí n tó gbà pé ilé kan náà ni. Ẹ má bá a jà. Ẹ tẹ́ ìwé ìṣirò yìí síwájú rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan tí inú rẹ̀ bá dùn, kí ẹ jẹ́ kó fi ojú ara rẹ̀ rí i, nítorí ọ̀pọ̀ ọkùnrin kò mọ iye wákàtí tí ìyàwó wọn fi ń sùn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè: àkọ́bí yín tó ti pé ọdún mọ́kànlá lè fọ aṣọ ilé-ìwé tirẹ̀. Ẹ sì ní àwọn ìyá méjì wà ní àdúgbò yín tí ọmọ wọn ń lọ sí ilé-ìwé kan náà pẹ̀lú tiyín, olúkúlùkù sì ń sanwó kẹ̀kẹ́ Márúwá tirẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn bàbá wa kì í dá ro oko ńlá. Àárò ni wọ́n ń ṣe, ẹgbẹ́ yóò ro ti ẹnìkan lónìí, wọn yóò ro ti ẹlòmíràn lọ́la, títí yóò fi kárí. Kò sí ìdí tí ọ̀rọ̀ gbígbé ọmọ àti ṣíṣọ́ wọn lẹ́yìn ilé-ìwé kò fi lè di àárò láàrin ìyá mẹ́ta.

Mo ti fi ibi tó wà lọ́kàn mi jù pamọ́ di ìsinsìnyí. Ẹ kọ ọ́ pé ẹ kò mọ ohun tí ẹ ń lé kiri láyé mọ́. Ṣùgbọ́n ní ojú ìwé kejì lẹ́tà yín, láàrin àròyé nípa ẹ̀rọ amúlétutù tó bàjẹ́, ẹ sọ pé ọ̀sán ọjọ́ kan wà lóṣù tó kọjá tí ẹ kò mọ ìgbà tí aago fi lu mẹ́fà: ọjọ́ tí ẹ ń kọ́ àwọn agùnbánirọ̀ méjì bí wọ́n ṣe ń yẹ ìwé báńkì wò títí tí wọ́n á fi rí náírà tó sọnù. Ẹ ní ọ̀kan nínú wọn pariwo nígbà tó rí i. Ẹ kò dárúkọ ohun ayọ̀ mìíràn nínú gbogbo lẹ́tà náà, ọ́fíìsì tí ẹ fẹ́ sá kúrò níbẹ̀ ni eléyìí sì ti ṣẹlẹ̀. Lójú tèmi, ẹni tó fẹ́ràn láti kọ́ni ni yín, tí iṣẹ́ kò sì fún ní àyè láti kọ́ni ju ọ̀sán kan lọ nínú oṣù. Ẹ lè bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tuntun lé yín lọ́wọ́. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ lè máa kọ́ àwọn ọlọ́jà Ìkòròdù méjì tàbí mẹ́ta bí a ṣe ń kọ ìwé ìṣòwò, wákàtí méjì ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ẹ kò lọ sí òde. Bó bá sì wá yá tí ẹ fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ ó mọ ibi tí ẹ ń lọ.

Nípa kóòṣì, n kò ní ba iṣẹ́ mi jẹ́ fún yín, ṣùgbọ́n òótọ́ ni pé kò sí òfin tó ní kí ẹni tó ń pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ kọ́ nǹkan kan. Lára àwọn tó sọ ọ́ di iṣẹ́ tó dá dúró ni Thomas Leonard, ará Amẹ́ríkà tó ti ń gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn nípa owó tẹ́lẹ̀. Òun ló dá ẹgbẹ́ àwọn kóòṣì àgbáyé sílẹ̀ ní ọdún 1995, ẹgbẹ́ tí a mọ̀ sí ICF lónìí. Fún ìwé ẹ̀rí tó kéré jù lọ, ẹgbẹ́ yìí ń béèrè ẹ̀kọ́ wákàtí 60 àti wákàtí 100 tí ènìyàn ti fi ṣiṣẹ́ náà pẹ̀lú àwọn oníbàárà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n júwe fún yín pé níbo ló ti kọ́ṣẹ́, àti pé ẹ̀yin méjèèjì nìkan ni ẹ ó jọ máa jókòó àbí àwọn ẹlòmíràn yóò wà níbẹ̀. Èsì tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi ni pé inú ẹgbẹ́ WhatsApp kan tí ènìyàn rẹ̀ lé ní igba ni wọn yóò fi yín sí, pẹ̀lú ìpàdé Zoom kan lọ́sẹ̀. Kíláàsì nìyẹn, ó sì wọ́n jù fún kíláàsì. Ẹni tó bá ń tọ́ni sọ́nà lóòótọ́ a máa béèrè ju bó ṣe ń sọ lọ, kì í ríran, kì í sì í sọ fún ènìyàn nígbà àkọ́kọ́ pé kó lọ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti ṣe ohun tí mo kọ yìí fún oṣù mẹ́ta, ìjókòó mẹ́rin pẹ̀lú rẹ̀ lè tó, ẹ kò sì ní fi ìjókòó àkọ́kọ́ kẹ́kọ̀ọ́ pé wákàtí 168 ló wà nínú ọ̀sẹ̀.

Ẹ ra ìwé onílà kan, kí ẹ fa òpó méje sí i, kí ẹ sì máa kọ ohun tí ẹ fi wákàtí kọ̀ọ̀kan ṣe sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá wà nínú ọkọ̀ tó ń lọ sílé, kì í ṣe lórí ibùsùn. Ọ̀sẹ̀ méjì tó. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí ṣá o, nítorí ìparí oṣù ti dé, ẹ ó máa pa ìwé ìṣirò dé, wákàtí tó bá sì wà níbẹ̀ kò ní jọ ti ọ̀sẹ̀ mìíràn. Ẹ dúró di ọjọ́ Ajé kejì nínú oṣù tuntun.